Birago Diop

Birago Diop (ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1906 – ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1989) jẹ́ oníṣègùn ẹranko, akéwì, òǹkọ̀tàn àti aṣojú ìjọba ọmọ orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gàl. Ìwé àlọ́ rẹ̀ tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Les Contes d'Amadou Koumba, èyí tí ó jáde ní ọdún 1947, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n, ó sì wà lára àwọn ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kà káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ èdè Faransé. Àmọ́ iṣẹ́ tí ó fi jẹun ni ìtọ́jú ẹran. Iṣẹ́ náà ni ó gbé e dé abúlé àti àgọ́ darandaran kárí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti etí aṣálẹ̀ títí dé etí igbó. Púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni ó gbọ́ tàbí tí ó rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, nítorí náà àyọkà yìí yóò fi iṣẹ́ ẹran ṣáájú, ìwé yóò sì tẹ̀lé e.

Ìbí àti ìgbà èwe

Wọ́n bí Birago Diop ní Ouakam, abúlé kan lẹ́bàá Dakar tí ó ti di ara ìlú ńlá náà báyìí. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni Ismaël Diop, iṣẹ́ mọlémọlé ni bàbá náà ń ṣe. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Sokhna Diawara. Birago kò dàgbà lọ́wọ́ bàbá. Àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin méjì, Massyla àti Youssoupha, ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà. Àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn rẹ̀: Massyla di òǹkọ̀wé àti akọ̀ròyìn, Youssoupha sì di dókítà. Nígbà tí àbúrò wọn máa dàgbà, ó gba ọ̀nà àwọn méjèèjì pọ̀.

Ó lọ sí ilé-kéwú, ó sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Faransé ní Dakar. Ní alẹ́, àlọ́ ni. Ìyá ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọn, àwọn arọ́kin tí wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde nínú agbo ilé náà tún fi kún un. Ní ilẹ̀ Wólófù, gewel ni wọ́n ń pe irú àwọn arọ́kin bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìdílé ni iṣẹ́ wọn: àwọn ni wọ́n mọ oríkì àti ìtàn ìran kọ̀ọ̀kan, àwọn ni wọ́n sì ń sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Ẹni tó mọ àwọn onírárà àti àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ yóò tètè lóye ipò tí wọ́n wà.

Birago yege, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ láti lọ sí Lycée Faidherbe ní Saint-Louis, ìlú tó jẹ́ olú-ìlú Sẹ̀nẹ̀gàl nígbà náà. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì ní èdè Faransé. Lẹ́yìn tí ó jáde, ó ṣiṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn àwọn ológun ní Saint-Louis kan náà ní ọdún 1928. Nọ́ọ̀sì àwọn ènìyàn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tó di dókítà ẹran.

Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko ní Fránsì

Láti Saint-Louis, ó kọjá sí Toulouse ní gúúsù orílẹ̀-èdè Fránsì, níbi tí ó ti ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko. Ó gboyè dókítà ní ọdún 1933. Ó yẹ kí á ṣàlàyé ohun tí oyè yìí túmọ̀ sí ní ayé ìgbà náà. Ìjọba amúnisìn Fránsì ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Bamako tó ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran, ṣùgbọ́n ipò olùrànlọ́wọ́ ni àwọn tó bá jáde níbẹ̀ ń wà. Wọ́n lè gún ẹran lábẹ́rẹ́, wọ́n lè rin abúlé, àmọ́ abẹ́ àṣẹ òyìnbó oníṣègùn ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà, ìwé-ẹ̀rí wọn kò sì bá ti àwọn tó kàwé ní Fránsì dọ́gba. Diop wà lára ìwọ̀nba ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl àkọ́kọ́ tó gba ìwé-ẹ̀rí kan náà tí àwọn òyìnbó ń gbà. Nígbà tí ó bá dé ẹnu iṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè fi ìwé yẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn.

Lẹ́yìn Toulouse, ó lọ sí Paris láti kọ́ nípa ìtọ́jú ẹran ilẹ̀ olóoru. Paris ni ó ti wọ àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ tí wọ́n ń jíròrò nípa ipò ènìyàn dúdú láyé: Léopold Sédar Senghor, ọmọ ìlú rẹ̀ tí wọ́n bí ní ọdún 1906 kan náà, Aimé Césaire láti Martinique, àti Léon-Gontran Damas láti Guyane. Láti inú àwùjọ yìí ni èrò tí wọ́n ń pè ní Négritude ti jáde, èyí tó ní kí ènìyàn dúdú má ṣe tijú àṣà rẹ̀. Diop kì í ṣe alárìíyànjiyàn bíi tàwọn yòókù. Bí a bá wo iṣẹ́ rẹ̀, àlọ́ ni ó fi gbé èrò náà kalẹ̀. Ọdún 1934 ni ó gbé Marie-Louise Pradère, ọmọ ilẹ̀ Fránsì, níyàwó. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí.

Ọdún àwọn ìrìn-àjò: Sudan Fránsì

Ní ọdún 1934 kan náà ni ó padà sí Áfíríkà, tí ìjọba sì fi í ránṣẹ́ sí Sudan Fránsì, ilẹ̀ tó ń jẹ́ Málì lónìí. Kayes, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà lẹ́bàá odò Senegal, ni ó ti kọ́kọ́ ṣe olórí iṣẹ́ ìtọ́jú àti ìdàgbàsókè ẹran.

Iṣẹ́ dókítà ẹran ní àgbègbè bẹ́ẹ̀ nígbà náà kò jọ ti ẹni tó jókòó sí ilé-ìwòsàn kan tí àwọn ènìyàn ń gbé ẹran wá bá. Dókítà ni ó ń tọ ẹran lọ. Yóò gun ẹṣin tàbí kí ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù, òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú àpótí abẹ́rẹ́ àti oògùn. Wọn yóò sùn ní abúlé méjì mẹ́ta, wọn yóò tún kọjá. Ó ní láti mọ iye ẹran tó wà ní agbègbè, kí ó gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ó yẹ ọjà ẹran àti ilé ìpẹran wò, kí ó sì ti ọ̀nà pa bí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀ kí ẹran má baà gbé e dé ibòmíràn. Àrùn tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù jù ni àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tí àwọn Faransé ń pè ní peste bovine. Ibà líle ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà egbò ẹnu àti ìgbẹ́ gbuuru, ẹran a sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Nígbà tí àrùn yìí kọ́kọ́ jà káàkiri Áfíríkà ní àwọn ọdún 1890, ó pa èyí tó pọ̀ jù nínú agbo màlúù ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ebi sì tẹ̀lé e. Àwọn àgbàlagbà tí Diop bá lábúlé rántí rẹ̀ dáadáa. Ọdún 2011 ni àjọ àgbáyé tó kéde pé a ti pa àrùn náà rẹ́ pátápátá, èyí tó sọ ọ́ di àrùn ẹranko àkọ́kọ́ tí ènìyàn lé kúrò láyé. Diop kò ṣẹ́kù láyé mọ́ nígbà náà.

Ìṣòro mìíràn wà tí ìwé-ẹ̀rí Toulouse kò lè yanjú. Ìjọba tó ń ran dókítà wá ka màlúù náà ni ìjọba tó ń gba owó orí lórí màlúù. Darandaran tó bá rí ọkọ̀ ìjọba lókèèrè kò lè mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ni ó ń bọ̀ tàbí owó orí, nítorí náà ó lè kó ẹran rẹ̀ wọ inú igbó. Kò ní ya ẹni tó dàgbà ní Òkè-Ògùn lẹ́nu. Lẹ́bàá Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, níbi tí gáà Fúlàní pọ̀ sí nínú ọ̀dàn, ẹni tó bá fẹ́ wo ẹran gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó, kí ó kí àgbà gáà, kí ó mu wàrà, kí ọ̀rọ̀ tó kàn. Diop ní àǹfààní kan níbi èyí: ọmọ ilẹ̀ ni, ó mọ bí a ṣe ń jókòó, ó sì fẹ́ràn láti gbọ́ ìtàn. Nínú àwọn àlọ́ rẹ̀, a máa ń rí alásọtàn kan tó ń rìn láti abúlé sí abúlé fún iṣẹ́ ìjọba, tí ilẹ̀ ṣú bá lójú ọ̀nà. Kò ṣòro láti mọ ẹni náà.

Kayes ni ó ti tún bá Amadou Koumba N'Gom pàdé, arọ́kin àgbàlagbà kan tó jẹ́ ti ìdílé ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ ọ̀sán di ti ẹran, ti alẹ́ sì di ti ìtàn.

Ogun àti ìwé àkọ́kọ́

Ní ọdún 1942 Diop wà ní Fránsì fún ìsinmi. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ ogun Jámánì ti gba Paris, ọ̀nà òkun sì dí. Kò rí ọ̀nà padà sí Áfíríkà títí di ọdún 1944. Ó rí iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹran ilẹ̀ olóoru ní Paris, àmọ́ ìlú náà tutù, oúnjẹ wọ́n, àgọ́ darandaran sì jìnnà. Ibẹ̀ ni ó ti jókòó kọ púpọ̀ nínú àwọn àlọ́ tó gbọ́ ní Sudan. A lè sọ pé bí kò bá sí ogun ni, bóyá àwọn ìtàn náà kò ní kúrò nínú ìwé àkọsílẹ̀ dókítà ẹran tí kò ráyè.

Les Contes d'Amadou Koumba jáde ní ọdún 1947, ó sì gba ẹ̀bùn lítírésọ̀ ńlá ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà Faransé. Ní ọdún 1948 Senghor fi iṣẹ́ Diop sínú àkójọ ewì àwọn adúláwọ̀ tó ṣe. Ewì rẹ̀ tó lókìkí jù ni Souffles, tó dá lórí pé àwọn òkú kò lọ, pé wọ́n wà nínú omi, nínú iná, nínú igi àti nínú koríko. Ó wà nínú ìtàn Sarzan pẹ̀lú, ìtàn sájẹ́ńtì kan tó ti iṣẹ́ ológun Faransé dé, tó ní òun máa la ilẹ̀ bàbá òun lójú, tó ba àwọn ohun ìbọ jẹ́, tó sì ya wèrè. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ akọrin obìnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Sweet Honey in the Rock, sọ ewì náà di orin tí wọ́n ń kọ káàkiri.

Ọ̀rọ̀ lórí Amadou Koumba

Diop sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kọ́ ló ni àwọn ìtàn náà, pé ohun tí òun gbọ́ lẹ́nu arọ́kin ni òun túmọ̀. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí èyí. Mohamadou Kane, ọ̀mọ̀wé ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl tó ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀, fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé pọ̀ nínú àwọn ìtàn náà ju bí Diop ti gbà lọ, àti pé kì í ṣe ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá. Ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ̀ fún àwa Yorùbá, nítorí a mọ irú ẹ̀tàn dáadáa bẹ́ẹ̀: nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938, Àkàrà-Ògùn ni ó sọ ìtàn, akọ̀wé kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó fi ìyẹn sọ pé Fágúnwà kọ́ ló ni ìwé.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni èdè. Fágúnwà kọ ti rẹ̀ ní Yorùbá. Diop kọ ọ́ ní Faransé, àmọ́ kò jẹ́ kí Faransé náà ráyè sinmi. Àwọn ẹranko inú ìtàn rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Wólófù wọn: Leuk ni ehoro, Bouki ni ìkookò, Golo ni ọ̀bọ, Diassigue ni ọ̀nì. Ehoro ni alárékérekè ibẹ̀, bí ìjàpá ti jẹ́ tiwa. Ìkookò sì ni ọ̀jẹun tí wọ́n máa ń tàn. Ó dá mi lójú pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń gbé ìlù èdè kan wọ inú èdè mìíràn lè rí ẹ̀kọ́ púpọ̀ níbẹ̀ ju nínú ìwé gírámà lọ.

Ojú dókítà ẹran sì wà nínú ìtàn náà. Àwọn ẹranko rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣe ń na etí, bí ìkookò ṣe ń fẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọ́, bí ẹran ṣe ń wá omi ní àsìkò ọ̀dá, ẹni tó ti fọwọ́ kan wọn ló kọ ọ́. Nínú ìtàn ọ̀nì àti àwọn ọmọ rẹ̀, ìyá ń sọ ìtàn ogun àtijọ́ láàárín àwọn Lárúbáwá Trarza àti àwọn Wólófù ilẹ̀ Walo, ó sú àwọn ọmọ láti gbọ́. Ogun dé, ọgbẹ́ ọmọ ọba nílò ọpọlọ ọ̀nì fún ìtọ́jú, ni wọ́n bá wá pa wọ́n.

Láti Ouagadougou dé Saint-Louis

Lẹ́yìn ogun, wọ́n gbé Diop káàkiri. Ó ṣiṣẹ́ ní Côte d'Ivoire àti ní Haute-Volta, tó ń jẹ́ Bùrkínà Fasò báyìí, ó sì darí iṣẹ́ ẹran níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950 ó wà ní Mauritáníà, lẹ́yìn náà ó padà sí Sẹ̀nẹ̀gàl. Ilẹ̀ wọ̀nyí kò ní ìṣòro kan náà. Ní Mauritáníà àti etí aṣálẹ̀, màlúù oníké àti ràkúnmí ni, omi sì ni ogun wọn. Ní gúúsù, níbi tí eṣinṣin tsetse wà, màlúù oníké kì í pẹ́ kú. Màlúù kékeré tí kò ní iké, irú bíi N'Dama ti òkè Fouta Djallon ní Gínì, ni ó lè fara dà á. Irú N'Dama yìí náà ni wọ́n kó wá sí oko ẹran ìjọba ní Fásọlá, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, fún ìdí kan náà. Oníṣègùn tó bá ti ṣiṣẹ́ láti aṣálẹ̀ dé etí igbó, bíi Diop, ti rí gbogbo ìyàtọ̀ wọ̀nyí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Ìwé kejì, Les Nouveaux Contes d'Amadou Koumba, jáde ní ọdún 1958. Senghor ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Àkójọ ewì rẹ̀, Leurres et lueurs, jáde ní ọdún 1960, ọdún òmìnira.

Aṣojú ìjọba, àti ilé-ìwòsàn ẹran ní Dakar

Nígbà tí Sẹ̀nẹ̀gàl gba òmìnira, tí Senghor sì di Ààrẹ, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ẹran, ó fi í ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè náà ní Tùnísíà. Diop lo ọdún díẹ̀ níbẹ̀. Contes et lavanes jáde ní ọdún 1963, ó sì gba ẹ̀bùn Grand prix littéraire d'Afrique noire ní ọdún 1964.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni ó yà mí lẹ́nu jù nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Ó ní orúkọ, ó ní ẹ̀bùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Ààrẹ. Kò wá ipò mínísítà. Ó padà sí Dakar, ó ṣí ilé-ìwòsàn ẹran ti ara rẹ̀, ó sì dákẹ́ lẹ́nu ìwé. Fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò gbé àkójọ ìtàn tuntun kankan jáde.

Iṣẹ́ ilé-ìwòsàn ẹran nínú ìlú ńlá yàtọ̀ pátápátá sí ti Kayes. Níbẹ̀, ẹran kan ṣoṣo ni yóò wà lórí tábìlì, olówó rẹ̀ yóò sì dúró tì í. Ajá tó ń ṣọ́ ilé àti ológbò ló pọ̀ jù. Àgbò tí wọ́n fẹ́ fi ṣọdún náà ń bẹ níbẹ̀. Ajá sì mú ẹ̀rù tirẹ̀ wá, ìyẹn dìgbòlugi. Kò sí ìwòsàn fún ènìyàn tí àmì àrùn náà bá ti hàn lára rẹ̀; abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ajá ṣáájú ni ààbò rẹ̀. Àwọn ọdẹ Òkè-Ògùn tí ajá wọn ń bá ẹranko inú igbó jà mọ èyí. Ní Mókọ́lá ní Ìbàdàn, ní ọdún 1968, nígbà tí Diop wà nídìí ilé-ìwòsàn rẹ̀, wọ́n rí kòkòrò àrùn kan tó jẹ́ ìbátan ti dìgbòlugi lára asín, orúkọ àdúgbò náà sì ni wọ́n fi pe kòkòrò náà títí di òní.

Àsìkò yìí náà ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀. Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1963, wọ́n sì dá ilé-ẹ̀kọ́ àpapọ̀ ti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé sílẹ̀ ní Dakar ní ọdún 1968. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ Diop kò ní láti lọ sí Toulouse mọ́.

Ìwé ìrántí àti ìparí ayé rẹ̀

Ìtàn rẹ̀ kò dákẹ́ bí òun ti dákẹ́. Dorothy Blair ti túmọ̀ àwọn àlọ́ Amadou Koumba sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1966. L'Os, ìtàn Mor Lam tó ṣe bí ẹni kú kí ó má baà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ nínú eegun màlúù tó ń sè, tí wọ́n sì sin ín láàyè, di eré orí ìtàgé tí Diop fúnra rẹ̀ kọ. Ẹgbẹ́ òṣèré Peter Brook gbé e lọ sí Avignon ní ọdún 1979.

Ní ọdún 1978 ni Diop tún gbé ìwé jáde, ìwé ìrántí ayé rẹ̀. La Plume raboutée ni ó pè é, èyí tó ń tọ́ka sí kálàmù tó kán tí wọ́n tún so pọ̀. Ìwé ìrántí mẹ́rin mìíràn tẹ̀lé e, À rebrousse-temps ní ọdún 1982 àti À rebrousse-gens ní ọdún 1985 wà lára wọn. Àwọn ìwé wọ̀nyí kò rí òǹkàwé bíi ti àlọ́, ohun tó bani nínú jẹ́ ni, nítorí inú wọn ni dókítà ẹran ti ń sọ̀rọ̀ ní ti ara rẹ̀ láìfi arọ́kin bojú: àwọn ọ̀nà eléruku, àwọn ọ̀gá òyìnbó, àwọn olùrànlọ́wọ́ tí orúkọ wọn kò wọ ìwé ìtàn kankan.

Birago Diop kú ní Dakar ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1989. Ilé rẹ̀ ní àdúgbò Point E ti di ibùjókòó Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Sẹ̀nẹ̀gàl. Kër Birago ni wọ́n ń pè é, tó túmọ̀ sí ilé Birago ní èdè Wólófù.